Ìwé Tí Ó Wà Lọ́wọ́ Mi Báyìí

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣèlú, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ owó oṣù. Ọ̀rọ̀ ìwé ni. Mo fẹ́ ka àwọn ìwé tí mo ń kà lọ́wọ́ fún yín ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí n sọ ohun tí ó dùn mọ́ mi nínú wọn, kí n sì sọ ìdí tí mo fi rò pé ó yẹ kí ẹ̀yin náà wá wọn kà.

Ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ ẹnu wa tí ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, tí ó sì máa ń bà mí nínú jẹ́ pẹ̀lú. Bí ọmọ bá ti gba ìwé ẹ̀rí, àwọn òbí rẹ̀ a ní, "Ọmọ wa ti kàwé tán." Ó ti kàwé tán! Bí ẹni tí ó jẹ iyán tán, tí ó fọ ọwọ́, tí ó sì dìde kúrò nídìí àwo. Láti ọjọ́ náà lọ, bí ẹ bá tún bá ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ óò gbọ́ tí wọn yóò máa bi í pé, "Ìdánwò wo ni o tún fẹ́ ṣe?" Èmi pàápàá ni wọ́n ń kí bẹ́ẹ̀ ní Ìníṣà níbi tí mo gbé ń kọ́ni. Bí mo bá gbé àga síta nírọ̀lẹ́ tí mo ṣí ìwé, ẹni tí ń kọjá lọ a ní, "Tíṣà, ẹ kú ìmúra ìdánwò o!" Bí mo bá sì ní n kò ṣe ìdánwò kankan, pé ìtàn ni mo ń kà fún ìgbádùn ara mi, wọn a rẹ́rìn-ín, wọn a ní, "Iṣẹ́ ìjọba mà dára o!"

Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ kan náà ni àwa Yorùbá fi ń pe kíka owó àti kíka ìwé. Ìyá tí ó ń tajà tí ó sì ń ka owó rẹ̀ ní gbogbo alẹ́, ẹ kò lè gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láéláé pé òun ti ka owó tán láyé. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, tí ọjà sì tún kún, yóò tún kà á. Bí ìwé náà ti yẹ kí ó rí nìyẹn.

Ìwé kìn-ín-ní tí ó wà lọ́wọ́ mi ni Àjà Ló Lẹrù, tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ, tí ó jáde ní 1969. Olùkọ́ ni Òkédìjí náà. Ó kú ní 2019. Ẹni tí ìtàn náà dá lé ni Lápàdé, ọlọ́pàá àtijọ́ kan tí ó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n tí kò lè rí ọ̀daràn kí ó mójú kúrò. Òun àti Tàfá Ìgírípá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni wọ́n jọ ń tọpa àwọn ẹni ibi káàkiri. Bí ẹ bá fẹ́ràn ìtàn tí kì í jẹ́ kí ènìyàn sùn, ẹ wá èyí. Ṣùgbọ́n eré àti ìjà inú rẹ̀ nìkan kọ́ ni mo ń bá lọ, èdè inú rẹ̀ ni. Àwọn ènìyàn inú ìwé yìí a máa yí òwe po bí ẹni ń yí ọkà. Ẹ óò gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ òwe tí ẹ ti mọ̀ láti kékeré, ẹ óò ti máa bá a parí rẹ̀ lọ́kàn yín, àfi kí ẹ rí i pé ó ti gba ọ̀nà mìíràn yọ, ẹ̀rín yóò sì pa yín.

Mo yá télọ̀ kan ní Òkukù ní ìwé yìí. Nígbà tí mo padà lọ gbà á, ó ní kí n ṣe sùúrù. Ó ní ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ òun ni ó ń ka ojú ewé mélòó kan sókè lójoojúmọ́ bí wọ́n bá ti ṣílé, tí àwọn yòókù ń gán aṣọ tí wọ́n sì ń gbọ́. Ó ní láti ìgbà tí àwọn ti bẹ̀rẹ̀, kò sí ọmọ iṣẹ́ tí ó tún ń pẹ́ dé ṣọ́ọ̀bù mọ́, nítorí ẹni tí ó bá pẹ́, ibi tí ìtàn dé kò ní yé e. Ẹ̀yin ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ gbọ́ o!

Ìwé kejì ni Ìtàn Ìgbésí Ayé Èmi Sẹ̀gilọlá. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ìwé ìròyìn yìí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ìwé yìí bá yín tan, nítorí inú ìwé ìròyìn ni a ti bí i. Ní 1929 ni Isaac Babalọlá Thomas, olóòtú Akéde Èkó, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwọn lẹ́tà kan jáde tí ó ní obìnrin kan ní Èkó ni ó ń kọ wọ́n. Obìnrin náà ti rẹwà púpọ̀ nígbà èwe rẹ̀, ó ti gbádùn ayé lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ ọkùnrin, àìsàn àti òṣì sì ti wá dé bá a lọ́jọ́ alẹ́. Ó ń sọ ìtàn ara rẹ̀ kí àwọn ọmọge lè fi ṣe àríkọ́gbọ́n. Thomas fúnra rẹ̀ ni ó ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n ó kọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn òǹkàwé kan fi gbà pé ènìyàn gidi ni Sẹ̀gilọlá. Ní 1930 ni ó pa á pọ̀ di ìwé. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ni ó pè é ní ìwé ìtàn àròsọ Yorùbá àkọ́kọ́, nítorí ọdún mẹ́jọ ni ó fi ṣáájú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ, èyí tí ó jáde ní 1938.

Ohun tí ó wù mí nínú rẹ̀ ni pé Sẹ̀gilọlá kì í kàn wàásù. Bí ó ti ń sunkún ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni ó ń rántí bí ayé ìgbà náà ti dùn tó, títí ẹni tí ń kà á yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara rẹ̀ pé, àbámọ̀ ni ìyá yìí ń ṣe ni, àbí àárò ni ó ń sọ ọ́? Èmi kò tíì mọ èyí tí ń bẹ níbẹ̀, mo sì ti kà á dé ìdajì.

Ó pẹ́ tí ìtàn yìí ti di ohun tí a kò rí rà mọ́. Ẹni tí ó tún un tẹ̀ jáde ní 2012, pẹ̀lú ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni Karin Barber, òyìnbó obìnrin ará Ìlú Ọba. Orúkọ yìí kò ṣàjèjì sí àwọn àgbà Òkukù. Ní àárín ọdún 1970 sí 1980 ni ó wá gbé láàárín wọn, tí ó kọ́ èdè wa títí ó fi ń fi Yorùbá kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀, tí ó sì bá ẹgbẹ́ eléré Oyin Adéjọbí ti Òṣogbo ṣeré lórí ìtàgé. Ìwé tí ó kọ nípa Òkukù ni ìwé kẹta tí ó wà lọ́wọ́ mi. I Could Speak Until Tomorrow ni ó pè é, bí ẹni tí ó ní, "Mo lè sọ ọ́ títí di ọ̀la." Ó jáde ní 1991.

Oríkì ni ìwé náà dá lé, àti àwọn obìnrin tí ń ké e. Ó fi hàn wá pé oríkì kì í to ìtàn bí ẹni to igi ọgbà. Gbólóhùn kan lè kan ẹni tí ó ti kú láti ìgbà ogun, kí èyí tí ó tẹ̀ lé e kan ẹni tí ó jókòó níwájú rẹ̀ tí ó ń fún un lówó. Òkú àti ààyè a máa bá ara wọn jókòó nínú oríkì. Ó sì fi hàn pé obìnrin ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n ní ìmọ̀ yìí lọ́wọ́. Ìyàwó tí a gbé wọlé a gbé oríkì ilé baba rẹ̀ dání, a sì tún kọ́ ti ilé ọkọ rẹ̀. Ọmọbìnrin tí ń relé ọkọ a sun rárà ìyàwó kí ó tó fi ilé baba rẹ̀ sílẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin ọkùnrin tí ẹ ń ṣe fáàrí pé ìran yín tóbi, ẹ bi ara yín pé ta ni ó ń bá yín tọ́jú ìran náà sórí. Ìyá tí ń ta ata ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mí nìyí. Ìwé yìí ni wọ́n ń kà ní àwọn yunifásítì Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà, tí orúkọ Òkukù fi dé etí àwọn tí kò ní dé ibẹ̀ láéláé. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé oríkì inú rẹ̀ wà ní Yorùbá. Ìyá àgbà gbọ́ oríkì, kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kò gbọ́ oríkì. Ìwé náà jókòó sí àárín àwọn méjèèjì bí onílàjà tí ẹnì kan kò pè. Ohun tí mo ń ṣe ní kíláàsì mi báyìí ni pé mo ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ra ìwé àjákọ kan, kí ó jókòó ti obìnrin tí ó dàgbà jù ní ilé wọn, kí ó sì kọ oríkì ilé wọn sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn. Àwọn kan mú ojú ewé mẹ́ta wá. Ọmọ kan mú ìlà méjì péré wá, ó ní ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún ní ìlà kejì, nítorí ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bi í.

Ìwé kẹrin nípọn, n kò sì fẹ́ tàn yín, díẹ̀díẹ̀ ni mo ń kà á. Òun ni ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson ti Ọ̀yọ́ kọ. Ẹ̀yin ará Ìkìrun, ẹ wá orí ìwé tí ó sọ nípa ogun Jálumi. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kọkànlá 1878, àwọn ọmọ ogun Ìlọrin, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ti yí Ìkìrun ká, àwọn Ìbàdàn sì dé lábẹ́ Balógun Àjàyí Ògbóríẹ̀fọ̀n, wọ́n sì tú wọn ká. Àwọn tí ń sá já lu omi Ọ̀tìn, odò náà sì kún, ó gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Ibẹ̀ ni orúkọ ogun náà ti wá. Ọ̀tìn yìí kan náà ni a fi sọ ìjọba ìbílẹ̀ Odò-Ọ̀tìn lórúkọ, èyí tí Òkukù jẹ́ olú-ìlú rẹ̀, tí Ìníṣà sì wà nínú rẹ̀. Nínú ìwé Barber, mo sì kà pé nígbà ogun náà, àwọn ará Òkukù sá wá sí Ìkìrun, wọ́n sì gbé ibẹ̀ fún ọdún pípẹ́ kí wọ́n tó padà sílé. Ẹ ò rí i bí ìwé méjì ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀? Ọ̀kan sọ bí ogun ti lọ, èkejì sọ bí àwọn tí ogun lé ti ṣe.

Ìrìn àjò ìwé Johnson náà tó ìtàn lọ́tọ̀. Ní 1897 ni ó kọ ọ́ tán. Wọ́n fi í ránṣẹ́ sí òkè òkun láti tẹ̀, ó sì sọnù síbẹ̀. Johnson kú ní 1901 láìfi ojú rí i. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, kó àwọn ìwé tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀ jọ, ó sì tún gbogbo rẹ̀ kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní 1916 tí ó fi í ránṣẹ́, ogun àgbáyé ń lọ lọ́wọ́, àwọn Jámánì mú ọkọ̀ ojú omi tí ó gbé e, tí a ń pè ní Appam, wọ́n sì wà á lọ sí Amẹ́ríkà. Obadiah náà kú ní 1920. Ní 1921 ni ìwé náà wá jáde. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni ó fi ẹ̀mí wọn ṣe é, bẹ́ẹ̀ ni kò sí èyí tí ó rí i nínú wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé òun kò rí àyè kàwé, àwọn méjèèjì yìí ni mo máa ń rántí.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní, "Tíṣà, owó wo ni ó wà nínú gbogbo èyí?" Bàbá kan tí ń ta sìmẹ́ǹtì wá bá mi ní ilé-ẹ̀kọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Ó ní mo fún ọmọ òun ní ìwé ìtàn, bẹ́ẹ̀ ni ìwé náà kò sí nínú ohun tí wọn yóò bi í nínú ìdánwò. N kò bá bàbá jiyàn, ẹni tí ó ń sanwó ilé-ẹ̀kọ́ ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè. Mo kàn sọ ìtàn kan fún un, èmi yóò sì sọ ọ́ fún ẹ̀yin náà.

Ìyá kan tí ń ta aṣọ ní Ìkìrun yá owó lọ́wọ́ àwọn ayánilówó kan. Wọ́n fún un ní ìwé ojú ewé mẹ́rin kí ó fọwọ́ sí i. Ìyá yìí kì í ṣe aláìmọ̀wé, ó ka ìwé mẹ́wàá jáde. Ó ka ìlà bíi mẹ́ta, ojú rẹ̀ rẹ̀ ẹ́, ó sì fọwọ́ sí i. Ojú ewé kẹta ni wọ́n kọ ọ́ sí pé bí ó bá fi ọjọ́ kan péré pẹ́, èlé yóò di ìlọ́po méjì. Ó fi ọjọ́ mẹ́rin pẹ́, nítorí àwọn tí ó ra àwìn lọ́wọ́ rẹ̀ kò tètè san. Jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ ni ó tà kí ó tó rí gbèsè náà san tán. Ìyá yìí mọ̀wé. Sùúrù ìwé ni kò ní. Sùúrù ìwé kò sì sí ní ọjà fún títà. Ojú tí kò bá mọ́ ìwé dídùn lára, kò lè tọ́ ìwé kíkorò wò dé ìsàlẹ̀. Ọmọ tí ó ti bá Lápàdé sáré dé ojú ewé ìkẹyìn, ojú ewé mẹ́rin kò lè dẹ́rù bà á.

Bàbá náà dákẹ́ díẹ̀. Ó ní kí n fún òun ní ìwé náà kí òun kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, kí òun mọ ohun tí ọmọ òun ń kà. Títí di òní, kò tíì dá a padà.

Ọ̀rọ̀ yìí tún kan ìjọba. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́. Ní oṣù kọkànlá 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kéde pé wọ́n ti pa á tì, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa lò. Àwa olùkọ́ kò gbàgbé pé láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti dán ọ̀rọ̀ yìí wò. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò kẹ́yìn rárá, títí kan Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ṣùgbọ́n kí a má rojọ́ jù. Abúja lè pinnu èdè tí tíṣà yóò fi kọ́ ìṣirò. Abúja kò lè pinnu ìwé tí ìyá yóò ní kí ọmọ rẹ̀ ka sí òun létí nígbà tí ó bá ń ṣa ẹ̀wà lálẹ́. Ọwọ́ wa ni ìyẹn wà.

Ìmọ̀ràn mi lórí owó ìwé nìyí, nítorí mo mọ̀ pé ìwé ti wọ́n. Àwa Yorùbá ni a ni èésú. Ẹ jẹ́ kí a dá èésú ìwé. Ká ní ìwé kan jẹ́ 3,000 náírà. Ènìyàn mẹ́wàá yóò máa dá 300 náírà lóṣooṣù. Ẹni tí ó bá kàn ní oṣù náà yóò yan ìwé tí ó wù ú, a ó rà á, òun ni yóò kọ́kọ́ kà á, lẹ́yìn náà yóò máa lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Bí èésú bá yí po, olúkúlùkù yóò ti ná 3,000 náírà, ìwé kan yóò jẹ́ tirẹ̀, mẹ́wàá ni yóò sì ti kà nígbà tí ìwé ìkẹyìn bá yí ká. Àwa olùkọ́ mélòó kan ní Ìníṣà ti bẹ̀rẹ̀, oníṣòwò mẹ́ta sì ti dara pọ̀ mọ́ wa. Òfin kan ṣoṣo ni a ní: ẹni tí ó bá gba ìwé gbọ́dọ̀ sọ ibi tí ó dùn mọ́ ọn jù nínú rẹ̀ kí ó tó gba òmíràn. Ẹ wá gbọ́ àríyànjiyàn níbẹ̀!

Ó ku tiyín o. Ẹ kọ̀wé sí mi, kí ẹ sọ ìwé tí ó wà lọ́wọ́ yín. Ẹ má sọ èyí tí ẹ kà ní ilé-ẹ̀kọ́ nígbà kan, èyí tí ẹ ń kà lọ́wọ́lọ́wọ́ ni mo ń bèèrè. Kì báà jẹ́ Bíbélì, kì báà jẹ́ Àlùkùránì, kì báà jẹ́ ìwé oògùn tàbí ìwé ọbẹ̀ sísè, ẹ sọ ibi tí ẹ dé àti ohun tí ẹ rí níbẹ̀. Èmi yóò yan díẹ̀ nínú wọn sọ fún gbogbo ènìyàn ní ojú ewé yìí. Bí ẹnikẹ́ni bá sì mọ ohun tí Sẹ̀gilọlá ń ṣe gan-an, bóyá àbámọ̀ ni tàbí àárò, kí ó má tíì sọ fún mi. Ó ku ìdajì fún mi láti kà.

Ó dọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.